Ẹ bá mi dá sí i: fóònù wo ni kí n rà fún màmá mi n'Íṣẹ́yìn?

ỌmọÒkèÒgùn
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Houston ni mo wà, mò ń bọ̀ nílé nínú oṣù Ọ̀pẹ, fóònù màmá mi sì ti bọ́ sínú omi aró lóṣù tó kọjá. Ó ti kú pátápátá. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ń gbé, òwú ìhunṣọ ni wọ́n ń tà. Síìmù méjì ni wọ́n ń lò, MTN àti Airtel, torí bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀kan bá lọ, èkejì a máa dáhùn. Ohun tí wọ́n ń fi fóònù ṣe ò ju kí wọ́n pe èèyàn, kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n wo fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ wọn, kí wọ́n sì gbọ́ rédíò láàárọ̀ kí wọ́n tó jáde.

Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ní iPhone Air ni kí n rà bọ̀, èyí tó jáde nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2025, tí gbogbo ayé ń pariwo pé kò nípọn ju mìlímítà 5.6 lọ. Ó ní ṣé torí pé màmá wa ń ta òwú ni wọn ò ṣe ní lo nǹkan gidi? Ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e wò. Ó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti dì í mú. Kí lẹ rí sí i?

Atúnṣe_QueenCinema
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rà á. Mi ò bá Apple ṣọ̀tá o, fóònù wọn wà lára ohun tó ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n iPhone Air ò ní ojú síìmù rárá, ibi yòówù kẹ́ ẹ ti rà á láyé. Àwọn iPhone yòókù tí wọ́n ń tà lọ́dọ̀ yín l'Amẹ́ríkà náà, látorí iPhone 14 ti ọdún 2022 ni wọ́n ti dí ojú síìmù wọn pa. eSIM nìkan ló kù, síìmù tí kò ṣeé fọwọ́ mú. Oníbàárà kan gbé irú rẹ̀ wá bá mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti Atlanta. Ó ní kí n bá òun lu ihò síìmù sí i. Ẹ máa rò pé ọmọ ló gbé wá kí n lu etí rẹ̀.

Kẹ́ ẹ má baà ṣì mí gbọ́: MTN àti Airtel ń ṣe eSIM ní Nàìjíríà. Ọjọ́ tí fóònù bá tún bọ́ sómi aró ló máa dùn wá. Síìmù tí a mọ̀ látijọ́, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó nù ún mọ́ ìró, ẹ ó tì í bọ inú fóònù kékeré ọmọ aládùúgbò, ìpè á ti máa wọlé kí èyí tó rì tó gbẹ. eSIM ńkọ́? Ẹ ó múra, ẹ ó mú NIN dání, ẹ ó lọ tò lọ́fíìsì wọn.

ÌyáÌbejì_Mushin
Kò sírọ́ ńbẹ̀. Èmi gba eSIM lọ́dún tó kọjá torí ọmọ mi ní òun ló lajú. Fóònù kú lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi rí áláàtì báńkì kankan gbà. Mo ń bá oníbàárà jà pé wọn ò tíì sanwó, owó ti wọlé tipẹ́. Títí di òní, obìnrin kan l'Ójúwòyè ò dáhùn ìkíni mi mọ́.

ỌmọLáyípo_Peckham
Bó bá jẹ́ pé iPhone náà ni àbúrò yín fi dandan lé, ẹ jẹ́ kẹ́nì kan bá yín rà á nílùú Ọba. iPhone 16 àti 17 tí wọ́n ń tà níbí ṣì ní ojú síìmù kan, ẹ lè fi eSIM ṣe èkejì. Ohun mìíràn tún wà. Láti oṣù Ọ̀pẹ 2021, Ofcom, àjọ tó ń darí iléeṣẹ́ fóònù níbí, ti kà á léèwọ̀ fún àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí láti ta fóònù tí wọ́n tì mọ́ síìmù tiwọn nìkan. Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, èyí tẹ́ ẹ bá ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè wà ní títì títí owó á fi pé. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ General, ẹ wọ About. Bí kò bá kọ "No SIM restrictions" síwájú Carrier Lock, ẹ má gbé e wọ bàálù.

AlároyéFóònù
Ẹ jẹ́ n gbèjà fóònù fẹ́lẹ́ díẹ̀, torí gbogbo yín ti dìde sí i. Ẹ gbé S25 Ultra ti Samsung lé ọwọ́ kan, ẹ gbé S25 Edge lé ìkejì. Gíráàmù 218 ni Ultra, 163 ni Edge. Ẹni tí oríkèé ọwọ́ ń dùn á mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi fẹ́ràn láti máa fi ẹ̀yìn lélẹ̀ wo fídíò, fóònù wọn ńlá yẹn ló já lù wọ́n lójú lálẹ́ ọjọ́ kan. Àpá rẹ̀ ṣì wà lórí imú wọn.

Ṣùgbọ́n n ò ní parọ́ fún yín. Bátìrì 5,000 mAh ló wà nínú Ultra, 3,900 ló wà nínú Edge (mAh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà). Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí fífẹ́lẹ́ náà bù. Ìdíje ni gbogbo rẹ̀: Samsung gbé mìlímítà 5.8 jáde nínú oṣù Èbìbí, kó tó doṣù Ọwẹ́wẹ̀ tí Apple kó 5.6 dé.

ÌyáÌbejì_Mushin
Kí ni wọ́n ń pè ní 0.2 tí wọ́n ń torí ẹ̀ jà? Tẹ́ ẹ bá sì rà á tán, ṣé ẹ ò ní wọ kéèsì fún un ni? Kéèsì tí àwọn ọmọ mi wọ̀ fún tèmi nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà.

AlároyéFóònù
Màmá, ẹ ti gbá mi mú níbẹ̀ yẹn.

OníṢájà_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń ṣájì fóònù fún ará àdúgbò náà sọ tèmi. Pátákó gígùn kan ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wáyà bí ogún ló rọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀. Mo máa ń lẹ bébà pélébé mọ́ ẹ̀yìn fóònù kọ̀ọ̀kan, màá kọ orúkọ sí i: Ìyá Elépo, Bàbá Kápẹ́ńtà, Músá Ọlọ́kadà. Bí iná bá ti lọ fún ọjọ́ méjì, mo mọ ẹni tó ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn olówó fóònù fẹ́lẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ dé, ojú wọn á pọ́n. Ìyá Elépo tó ń lo fóònù kékeré onítẹ̀ lè má yọjú títí ọ̀sẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, bí wọ́n bá sì wá, ẹjọ́ ọkọ wọn ni wọ́n ń wá rò, bátìrì wọn ṣì kún.

Fún màmá yín, ẹ má gba ohun tí kò tó 5,000 mAh. Ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix, Itel àti ọ̀wọ́ A ti Samsung ló ní in báyìí, àwọn míì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹnu ṣájà oníhò C (USB-C) ló ní, kí wọ́n lè yá wáyà ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, wáyà oríṣi mẹ́ta ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ìjà wáyà ò sì tán. Yúróòpù ló gbà wá: láti ọjọ́ 28 oṣù Ọ̀pẹ 2024, fóònù tuntun tí wọ́n bá máa tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba C. Apple ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, àtorí iPhone 15 ní 2023 ni wọ́n ti yí padà.

AlároyéFóònù
Ọ̀rọ̀ bátìrì yìí náà. Atúnṣe, kí ló dé tí wọn ò jẹ́ ká máa yọ ọ́ fúnra wa mọ́?

Atúnṣe_QueenCinema
Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn lo bi mí yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo Nokia, ẹ rántí: fóònù bọ́ sílẹ̀, ó fọ́n ká sí mẹ́ta, ìdérí gba ìsàlẹ̀ àga lọ, bátìrì gba ẹnu ọ̀nà, ẹ ó ṣà wọ́n jọ, ẹ ó tò ó, á tàn. Galaxy S5 ti Samsung, ti ọdún 2014, èékánná la fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní 2015, S6 dé: gíláàsì níwájú, gíláàsì lẹ́yìn, gọ́ọ̀mù láàárín, wọ́n tún gba ojú mẹ́mọ́rì kádì mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n máa ń ní torí kí omi má baà wọlé ni. Èmi ò gbà tán, torí S5 tí èékánná ń ṣí yẹn, IP67 ni, ó ń dènà omi. Ẹwà àti fífẹ́lẹ́ ni wọ́n ń lé.

Bátìrì lithium, gbígbó ni tirẹ̀, ooru ló sì ń pa á jù. Ẹni tó ń ṣájì lábẹ́ ìrọ̀rí mọ́jú, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bó bá gbó, òmíràn á wú. Lánàá ni wọ́n gbé ọ̀kan wá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbéra bí ìdérí ìkòkò ìrẹsì tó ń hó. Mo gbé e lé irin gbígbóná kí gọ́ọ̀mù lè rọ̀, mo wá ń fi ike pélébé wá ọ̀nà sábẹ́ gíláàsì náà, sẹ̀ẹ̀, sẹ̀ẹ̀, mi ò lè mí dáadáa. Ó lé ní wákàtí kan. Ó ku igun kan ṣoṣo ni gíláàsì sán, pá. Iṣẹ́ tí ìyá mi ń fọwọ́ ara wọn ṣe láyé Nokia, tí wọ́n bá ń ki bátìrì tuntun bọ fóònù wọn, nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ̀yìn fóònù yín bá ń gbéra, ẹ pa á, ẹ má ṣájì í mọ́, ẹ má sì fi ọ̀bẹ gún un. Iná ló wà níbẹ̀. Ẹ ò gbàgbé Note 7 ti ọdún 2016, tí Samsung kó gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jà nítorí bátìrì tó ń gbiná.

Òfin Yúróòpù kan tún ń bọ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé 2027, pé bátìrì gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó ra nǹkan. Ẹ má tíì máa jó o. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún fóònù tí omi ò lè wọ̀, tí bátìrì rẹ̀ bá ṣì mú ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ìṣájì 1,000. Àwọn iléeṣẹ́ á gba ibẹ̀ sá lọ. Èyí tí mo fẹ́ràn ju ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù Òkúdu 2025: wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta ẹ̀yà ara fóònù fún ọdún 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ títa fóònù náà fúnra rẹ̀. Tòkunbọ̀ láti Yúróòpù ń wọ Ìkẹjà, ó máa dé ọ̀dọ̀ wa.

Agbórédíò
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bátìrì, kò sẹ́ni tó dá ẹni tó béèrè lóhùn lórí rédíò àárọ̀. Kò sí iPhone kankan tẹ́ ẹ lè fi gbọ́ FM. Ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, àmọ́ dátà ló ń jẹ, màmá yín ò sì ní fẹ́ gbọ́ pé owó ni wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn.

Fóònù tó ní FM, wáyà tí a ń kì sétí ló fi ń ṣe éríà. Àtìgbà tí iPhone 7 ti yọ ihò wáyà yẹn kúrò ní 2016 ni àwọn fóònù ńlá ti ń yọ tiwọn tẹ̀lé e. Ọ̀dọ̀ àwọn olówó pọ́ọ́kú ni ihò náà sá wá. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, àwa tálákà la jèrè. Ìyá mi n'Íkìrun kì í tilẹ̀ fi wáyà ọ̀hún sétí. Wọ́n á kì í bọ fóònù, wọ́n á gbé e kọ́ ìṣó lára ògiri yàrá, ibi tí àlímánáákì ṣọ́ọ̀ṣì wà, wọ́n á wá tẹ spíkà. Gbogbo ilé á gbọ́ ìròyìn aago méje, bẹ́ ẹ fẹ́, bẹ́ ẹ kọ̀.

ÌyáÌbejì_Mushin
Tọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Àwọn àgbà ń lo tọ́ọ̀ṣì fóònù ju kámẹ́rà rẹ̀ lọ. Ẹ ò rántí Nokia 1100 ti ọdún 2003? Ó ju mílíọ̀nù 250 tí wọ́n tà káàkiri ayé. Ìgbà tí mò ń rọbí, àkọ́bí dé tán ni iná lọ. Nọ́ọ̀sì ki Nokia 1100 rẹ̀ bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú, ó fi gbẹ̀bí èkejì. Táíwò bá iná ìjọba, Kẹ́hìndé bá iná Nokia.

OníṢájà_Ògbómọ̀ṣọ́
Màmá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín o!

Tíṣà_Ìlọrin
Fóònù yòówù kẹ́ ẹ rà, ẹ má gbé e fún wọn bó ṣe ti inú páálí jáde. Ìṣòro tí mo rí lára àwọn òbí wa ni pé ẹnì kan ra fóònù fún wọn, ó ya fọ́tò pẹ̀lú wọn, ó bá tiẹ̀ lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ sọ lẹ́tà di ńlá. Samsung ní ohun tí wọ́n ń pè ní Easy mode, ó ń sọ gbogbo àmì ojú fóònù di ńlá. iPhone náà ní irú rẹ̀, Assistive Access, láti iOS 17 (ètò tó ń darí iPhone) ti ọdún 2023. Ẹ kó gbogbo áàpù tí wọn ò ní lò kúrò lójú.

Lórí Android, ẹ lè gbé nọ́ńbà èèyàn wá sójú fóònù pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Mo ṣe é fún ìyá ìyàwó mi. Wọn ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú ọmọ wọn. Wọ́n tẹ ojú Àyọ̀ká, Àyọ̀ká dáhùn. Ohun kan péré ni kẹ́ ẹ ṣọ́: ẹ lo fọ́tò tó jọ ẹni náà. Mo kọ́kọ́ lo èyí tí Àyọ̀ká wé gèlè ìyàwó sí, wọ́n ní àwọn ò mọ obìnrin yẹn rí.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi iPhone àtijọ́ olówó pọ́ọ́kú tàn yín, láti oṣù Èbìbí 2025 ni WhatsApp ò ti ṣiṣẹ́ mọ́ lórí èyí tí kò bá dé iOS 15.1. iPhone 5s, 6 àti 6 Plus ti bá ibẹ̀ lọ.

ỌmọÒkèÒgùn
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti bá àbúrò mi sọ ọ́, ó ní mo láwun. Mo ti gbà pé nílé ni màá ti rà á, Android, síìmù méjì, FM, ihò wáyà, bátìrì 5,000. Atúnṣe, kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Atúnṣe_QueenCinema
Ẹ má sanwó láìtíì ṣí páálí níwájú olùtajà. Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà IMEI méjì, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá fóònù mọ̀, máa yọ, ẹ fi wé èyí tó wà lára páálí. Bí kò bá bá ara wọn mu, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ẹ ki síìmù yín sí ojú méjèèjì, ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pe èèyàn. Ẹ tan rédíò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ gbọ́ spíkà létí ọjà níbi tí jẹ́nẹ́rétọ̀ ti ń pariwo, torí irú ibẹ̀ ni màmá máa ti lò ó. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ IMEI sí. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ṣájà ojú títì dípò èyí tó wà nínú páálí, ọ̀rọ̀ "ọ̀kan náà ni" yẹn ti jó fóònù púpọ̀.

ỌmọÒkèÒgùn
Ẹ kú ọdún o. Mo ti délé, mo ti rà á n'Íbàdàn, mo sì gbé e dé Ìṣẹ́yìn lánàá. Gbogbo ohun tí Atúnṣe ní kí n ṣe ni mo ṣe, olùtajà náà bi mí bóyá ọlọ́pàá ni mí. Màmá fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ti fi rédíò kọ́ ìṣó.

Àmọ́ ó ní nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo ń din ẹyin fún àwọn ọmọ ní ilé ìdáná, mo gbọ́ tí màmá ń bá ẹnì kan jà ní yàrá. Mo wọlé, fóònù ló ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ibi tí wọ́n bá tẹ̀, á ka á síta ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní ṣí. Wọ́n ní, "Ta ló ní kó máa dá mi lóhùn? Mi ò bá a sọ̀rọ̀." Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó ń bá èmi náà sọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí.

Tíṣà_Ìlọrin
TalkBack ni, ohun tó ń ka ojú fóònù síta fún àwọn tí ojú wọn ò ríran. Wọ́n ti tẹ bọ́tìnì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ nígbà tí wọ́n ń wá bí rédíò á ṣe dún sókè. Ẹ tẹ méjèèjì pọ̀, ẹ dì wọ́n mú títí dé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

ỌmọÒkèÒgùn
Ó ti dákẹ́. Màmá ní kí n kí yín, wọ́n ní kí n bi yín bóyá ó máa tún padà wá.

ÌyáÌbejì_Mushin
Ẹ sọ fún wọn pé tó bá padà wá, kí wọ́n fún un lọ́rùn pa báyẹn náà. Ẹ bá mi kí wọn o.